Píìnì Ni, Agẹṣin Ni, Àbí Ẹṣin? Ẹjọ́ Spectacular Bid

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 1979, ẹṣin aláwọ̀ eérú kan wọ pápá Belmont Park ní New York, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó rò pé ó lè pàdánù. Spectacular Bid lorúkọ rẹ̀. Eré méjìlá ló ti sá léraléra, méjèèjìlá ló sì borí. Ó ti gba Kentucky Derby, ó ti gba Preakness. Ẹyọ kan ló kù, Belmont Stakes, kó lè kó àwọn eré mẹ́ta tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Triple Crown. Ẹni tó bá fi dọ́là mẹ́wàá ta tẹ́tẹ́ lé e lórí lọ́jọ́ náà, dọ́là mẹ́ta péré ló máa fi jèrè. Tí èrè tẹ́tẹ́ bá kéré tó báyẹn, ó túmọ̀ sí pé lójú àwọn èèyàn, eré ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ó pàdánù. Kò tiẹ̀ ṣe ipò kejì. Coastal ló gbégbá orókè, Golden Act tẹ̀ lé e, Bid ṣe ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn tí eré ti tán ni Bud Delp, olùkọ́ ẹṣin náà, tó wá sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé láàárọ̀ ọjọ́ eré, ẹṣin òun tẹ píìnì, irú èyí tí wọ́n fi ń de báńdéèjì ẹsẹ̀ ẹṣin, píìnì náà sì wọlé sínú pátákò ẹsẹ̀ òsì iwájú.

Láti ìgbà náà ni awuyewuye ti bẹ̀rẹ̀. Apá kan ní píìnì ló fà á. Apá kejì ní ọmọ tó gùn ún ló bà á jẹ́, pé ọmọ ọdún 19 kò mọ bí wọ́n ṣe ń sá irú eré bẹ́ẹ̀. Apá kẹta ní àwáwí ni gbogbo ìyẹn, pé ẹṣin náà kò ní èémí máìlì 1½, pé òkìkí rẹ̀ ti ju agbára rẹ̀ lọ látilẹ̀wá. Títí dòní, ẹni tó bá dárúkọ ẹṣin yìí láàárín àwọn tó fẹ́ràn eré ẹṣin, kó yáa múra àríyànjiyàn.

Èrò tèmi ni pé apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tẹjú mọ́ eré tí kò lè dá wọn lóhùn. Belmont ò lè sọ bí ẹṣin yẹn ṣe lágbára tó, torí ohun tó dàrú níbẹ̀ pọ̀ jù. Eré tó lè sọ ọ́ wáyé ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, lórí pápá kan náà, pẹ̀lú iye máìlì kan náà, ó sì tún pàdánù níbẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ kéèyàn dárúkọ eré yẹn. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀rí tó dára tó o lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tá à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n bí Spectacular Bid ní Kentucky. Ní 1977, ìdílé Meyerhoff láti Maryland rà á ní ọjà Keeneland ní 37,000 dọ́là. Owó gidi nìyẹn lójú èmi àti ẹ̀yin, àmọ́ ní ọjà tí àwọn olówó ti ń ná ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là lórí ẹṣin tí kò tíì sáré rí, owó kékeré ni. Wọ́n gbé e fún Delp, ọkùnrin Maryland bíi tiwọn, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Kó tó di pé ẹṣin náà sá Derby rárá ni Delp ti ń kéde pé kò tíì sí ẹṣin tó dára tó o láyé.

Ronnie Franklin ló ń gùn ún, ọmọ ọdún 19, tó wá láti Dundalk ní Maryland, tó sì ń gbé nílé Delp bí ọmọ. Delp fẹ́ràn rẹ̀, Delp sì ń bú u. Nínú oṣù kẹta ọdún 1979, ní Florida Derby, ọmọ náà gun ẹṣin náà gba ọ̀nà tí kò dáa, ó há sáàárín àwọn ẹlòmíì, ó tún jáde sí ẹ̀gbẹ́ jìnnà. Bid ṣì borí. Ṣùgbọ́n Delp bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ọn níwájú àwọn oníròyìn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí ó máa padà wúlò: ẹṣin náà lágbára débi pé àṣìṣe agẹṣin kì í hàn lára rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọjọ́ tí àṣìṣe náà bá máa hàn, á hàn níbi tó burú jù.

Ó wá hàn ní Belmont. Ẹṣin kan tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, Gallant Best, ló sáré síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ewu lọ́dọ̀ rẹ̀. Bópẹ́ bóyá, á rẹ̀ ẹ́, á sì padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ní sùúrù á fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Franklin ò fi í sílẹ̀. Ó lé e, ó bá a, ó sì kọjá rẹ̀ ní apá ẹ̀yìn pápá, nígbà tí nǹkan bí ìdajì eré ṣì wà nílẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bíi pé eré ti tán lóòótọ́. Ìgbà tí wọ́n yíjú sí ìlà àṣekágbá ni Coastal dé, ó sì kọjá. Bí Coastal ṣe lọ tán ni Golden Act náà tún bá Bid, ó sì fi díẹ̀ gbapò kejì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìdí tí èyí fi burú fún ẹṣin rèé. Ẹṣin tó ń sáré dà bí ẹni tó gbé omi sínú igbá lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìwọ̀n omi kan ló ní. Tó bá da púpọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kò sí ibi tó ti máa rí i bù tó bá kù díẹ̀ kó délé. Ní máìlì kan tàbí máìlì kan àti díẹ̀, ẹṣin tó lágbára gan-an lè da omi nù kó sì ṣì kù sí i lọ́wọ́. Ní máìlì 1½, kò sí ààyè fún irú ìnákúnàá bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹṣin Amẹ́ríkà tí ń sáré lórí iyẹ̀pẹ̀ kì í sábà sá máìlì 1½ rárá. Ọ̀pọ̀ wọn, ọjọ́ Belmont nìkan ni wọ́n máa sá a láyé wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé, ẹ dákun, Secretariat ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní 1973, Secretariat fi eré burúkú bẹ̀rẹ̀ Belmont kan náà yìí, òun àti Sham jọ ń figagbága, Secretariat kò sì dẹwọ́ títí ó fi parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 24. Gígùn ara ẹṣin ni wọ́n fi ń wọn àlàfo nínú eré yìí, ti Secretariat sì jẹ́ gígùn ẹṣin 31. Àmọ́ ẹ má gbàgbé Sham. Ẹṣin ńlá ni Sham náà. Eré tí Secretariat sá yẹn ló pa á lẹ́sẹ̀, ìkẹyìn pátápátá ló ṣe. Nítorí náà, ohun tí Secretariat kọ́ wa ni pé ẹṣin kan ṣoṣo ló ṣe irú rẹ̀ tó sì yè é. Kò kọ́ wa pé gbogbo ẹṣin ńlá ló gbọ́dọ̀ lè ṣe é. Ọdún mẹ́fà péré ló wà láàárín Secretariat àti Bid, gbogbo èèyàn sì ń fi ojú tó rí ti àkọ́kọ́ wo ti ìkejì. Wọ́n tún ti rí Seattle Slew ní 1977 àti Affirmed ní 1978 tí wọ́n gba Triple Crown. Ó wá dà bíi pé ohun ọdọọdún ni. Kò mọ̀ pé ọdún 37 ló máa gbà lẹ́yìn Affirmed kí American Pharoah tó tún gbà á ní 2015.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ píìnì wàyí.

Àwọn tó gbà á gbọ́ ní ẹ̀rí. Lẹ́yìn Belmont, ẹsẹ̀ ẹṣin náà díbàjẹ́ lóòótọ́. Wọ́n ní láti lu pátákò rẹ̀ kí ohun búburú tó wà nínú rẹ̀ lè jáde. Kò sá eré kankan fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ẹnikẹ́ni kì í lu ihò sí pátákò ẹṣin olówó iyebíye nítorí kó lè pa irọ́ fún oníròyìn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò sí píìnì rárá, àgídí ló ń ṣe.

Àwọn tí kò gbà náà ní tiwọn. Ní ọjọ́ eré gan-an, Delp kò sọ nǹkan kan nípa píìnì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé bóyá ẹṣin òun kò ní èémí iye máìlì yẹn. Ìgbà tó yá ni píìnì dé inú ọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní, tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń dun ẹṣin, báwo ló ṣe sáré tó bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju máìlì kan lọ, tó ṣáájú gbogbo àwọn yòókù?

Lójú mi, ìdáhùn rọrùn. Píìnì wà, ó sì dun ẹṣin náà. Àmọ́ píìnì kò lè ru gbogbo ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí. Kódà tí ẹsẹ̀ ẹṣin náà bá le koko láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe sá eré náà ti tó láti jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́. Ohun méjì burú lọ́jọ́ kan náà, kò sì sí òṣùwọ̀n tó lè sọ fún wa pé èyí kó ìlàjì, èyí kó ìlàjì. Nígbà tí ohun méjì bá ti dà pọ̀ báyẹn, ẹni tó bá ń pariwo ọ̀kan ṣoṣo ń wá ìtùnú ni, kò wá òótọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn olólùfẹ́ Bid kì í rí. Píìnì ń dín ẹṣin náà kù. Tẹ́ ẹ bá sọ pé "píìnì ni, kì bá borí," ẹ ti fi gbogbo iyì ẹṣin náà sórí eré tí kò borí. Ẹ ti gbà pé láìsí Belmont, kò pé. Ẹ wá ń bá aráyé jà lórí ohun tí ẹ ò lè fi hàn, ẹ sì fi ohun tí ẹ lè fi hàn sílẹ̀.

Ẹjọ́ ọmọ náà ńkọ́? Òun ló rọrùn jù láti dá. Ó ṣe àṣìṣe, gbogbo ayé rí i. Ó sì ku ọjọ́ díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀ ni òun àti Angel Cordero, ọ̀gá nínú àwọn agẹṣin, wọ̀yá ìjà nínú yàrá àwọn agẹṣin. Ọkàn ọmọ náà kò balẹ̀. Àwọn kan ní ọmọdé ni, wọ́n gbàgbé pé ọdún kan ṣáájú, Steve Cauthen tó gun Affirmed gba Triple Crown, ọmọ ọdún 18 ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kọjá ọjọ́ orí. Cauthen ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kó tó gun Affirmed. Franklin kò tíì ju ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ nígbà tí wọ́n gbé ẹṣin tí wọ́n pè ní ọba gbogbo ẹṣin lé e lọ́wọ́.

Ta ló gbé e lé e lọ́wọ́? Ibi tí mo ti ń bínú sí bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn yìí nìyẹn. Lẹ́yìn Florida Derby, Delp mọ ohun tí ọmọ náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ó bú u ní gbangba, ó sì tún dá a padà sórí gàárì. Ó wá ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ẹṣin tó lè bá tòun dù. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ lójoojúmọ́, nínú ilé tẹ́ ẹ ti ń jẹun, pé ẹṣin yín kò lè pàdánù, ṣé ẹ máa ní sùúrù láti dúró sẹ́yìn ẹṣin yẹpẹrẹ kan? Ẹ máa lọ bá a ni. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ọ̀gá jáde ni ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ẹṣin ṣe. Síbẹ̀, nígbà tó dé ojú ẹjọ́, ẹni tó kéré jù ní ọjọ́ orí, tí owó rẹ̀ kéré jù, tí ohùn rẹ̀ kò dé ibì kan, òun ni wọ́n dá lẹ́bi.

Ó wá ku ẹjọ́ ẹṣin fúnra rẹ̀. Ṣé ó lágbára tó bí wọ́n ṣe ń wí?

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1979, Bid padà sórí pápá ní Delaware Park. Bill Shoemaker ló wà lórí rẹ̀ báyìí, àgbà agẹṣin tó ti gun ẹṣin kí wọ́n tó bí Franklin. Eré kékeré ni, ó fi gígùn ẹṣin 17 borí, ó sì sáré ju bí ẹṣin kankan ṣe sáré iye máìlì yẹn rí lórí pápá náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó wọ Marlboro Cup ní Belmont Park. General Assembly wà níbẹ̀, ọmọ Secretariat, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá Travers ní ìṣẹ́jú 2 gééré, àmì tó dúró títí di 2016. Coastal náà wà níbẹ̀. Bid fi gígùn ẹṣin márùn-ún borí. General Assembly ṣe èkejì, Coastal ṣe ẹ̀kẹta.

Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹṣin tó gba Belmont lọ́wọ́ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ṣùgbọ́n àwọn aláríwísí ní, máìlì kan àti díẹ̀ ni Marlboro, ẹ jẹ́ kó tún sá máìlì 1½ ká wò ó. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ni ìdáhùn dé, nínú Jockey Club Gold Cup. Belmont Park ni, máìlì 1½ ni. Coastal tún wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí gbogbo èèyàn wá wò ni Affirmed, ẹni ọdún mẹ́rin, ẹni tó ti gba Triple Crown, tó sì ti dàgbà sí i, tó ti gbó sí i. Laffit Pincay ló gùn ún. Kò sí píìnì lọ́jọ́ náà. Kò sí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Shoemaker ló wà lórí Bid.

Affirmed gbawájú, Pincay sì fi ọgbọ́n dá eré náà sí bó ṣe wù ú, ó rọra ń lò ó. Bid dìde sí i, Affirmed kò jẹ́. Bid tún dìde, Affirmed tún na ọrùn. Wọ́n dé òpin, Affirmed ló ṣáájú, àlàfo tó sì wà láàárín wọn kò tó gígùn ẹṣin kan: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni. Coastal jìnnà sẹ́yìn, ó ṣe ẹ̀kẹta.

Ìdí tí mo fi sọ pé eré yìí ló yẹ ká máa jiyàn lé lórí rèé. Ní Belmont, Coastal parí máìlì 1½ ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 28 àti díẹ̀. Nínú Gold Cup, Affirmed parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 27 àti díẹ̀, Bid sì wà ní ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀. Ìyẹn ni pé Bid tó pàdánù ní oṣù kẹwàá sáré yá ju Coastal tó borí ní oṣù kẹfà lọ. Mo mọ̀ pé aago kọ́ ni gbogbo ẹ̀rí. Iyẹ̀pẹ̀ pápá máa ń yàtọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹrù náà yàtọ̀: ní Belmont, pọ́n-ùn 126 ni gbogbo wọn rù, nínú Gold Cup, Affirmed ru 126, Bid ru 121 torí ó kéré lọ́jọ́ orí. Ẹ yọ gbogbo ìyẹn kúrò, ohun kan ṣì kù tí kò ṣe é yọ: Coastal wà nínú eré méjèèjì, Coastal sì wà lẹ́yìn Bid.

Nítorí náà, ẹni tó ní ẹṣin náà kò ní èémí máìlì 1½, irọ́ ni. Ó ní in. Àmọ́ ẹni tó ní kò sí ẹṣin tó lè lù ú, irọ́ nìyẹn náà. Affirmed lù ú, nínú eré tó mọ́, láìsí àwáwí kankan. Affirmed kì í ṣe ẹṣin lásán, àlàfo náà kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n lílù ni lílù ń jẹ́. Tí a bá ti gba òótọ́ méjèèjì yìí pọ̀, a ti mọ nǹkan nípa ẹṣin yìí ju ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá ń jiyàn píìnì lọ.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe ní 1980. Eré mẹ́sàn-án ló sá lọ́dún náà, ó borí mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì, nínú Strub Stakes ní Santa Anita ní California, ó sá máìlì 1¼ ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 57 àti ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Kò tíì sí ẹṣin tó sáré tó bẹ́ẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ láyé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rù ú, torí nínú àwọn eré kan, ẹṣin tó bá lágbára jù ni wọ́n máa ń di ẹrù tó wúwo jù fún kí àwọn yòókù lè bá a. Pọ́n-ùn 130. Pọ́n-ùn 132. Ó ń gbé e, ó ń borí. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, nínú Woodward Stakes, àwọn yòókù sá. Kò sí ẹṣin kankan tó jáde láti bá a dù. Shoemaker gùn ún yí pápá ká ní òun nìkan, wọ́n sì kéde pé ó borí. Láti 1949 ni irú rẹ̀ ti wáyé kẹ́yìn nínú eré ńlá ní Amẹ́ríkà.

Àmọ́ ẹ kíyè sí i: ní 1980 tó fi pa gbogbo èèyàn lẹ́nu mọ́, kò sá máìlì 1½ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó yẹ kó sá a, nínú Jockey Club Gold Cup ọdún náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì mú un lọ sí Claiborne Farm láti máa bímọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sá máìlì 1½ láyé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló pàdánù. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ gbólóhùn yìí láìbínú.

Kí wá ni "agbára tòótọ́"? Àṣìṣe tó wà nínú gbogbo awuyewuye yìí ni pé a rò pé agbára jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo tó wà nínú ẹṣin, bí owó tó wà nínú àpò, pé ká sáà ti yẹ àpò wò, a ó mọ iye rẹ̀. Ó yẹ kí àwa Yorùbá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ló dẹ́rù ba àwọn ìlú tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Tí wọ́n bá dé inú igbó, ẹṣin kan náà, ẹlẹ́ṣin kan náà, igi á dí wọn lọ́nà, eṣinṣin tó ń fa àìsàn sí ẹṣin lára á sì máa pa wọ́n. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé ẹṣin Ọ̀yọ́ kò lágbára. Ibi tí ẹṣin náà dúró sí ni wọ́n wò. Bí agbára ṣe rí nìyẹn: ó ní ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ní ìwọ̀n ọ̀nà tó lè dé, ó ní ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ dì í mú.

Tí a bá fi ojú yìí wo Spectacular Bid, ìdájọ́ kò le. Títí dé máìlì 1¼, lórí iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú ẹrù tó bá wù yín lẹ́yìn, ẹ dárúkọ ẹṣin tó dájú pé ó jù ú lọ kí n gbọ́. Ní máìlì 1½, ẹṣin ńlá ni, kì í ṣe ẹni tí kò ṣe é lù. Nígbà tí ìwé ìròyìn Blood-Horse ní kí àwọn tó mọ̀ nípa ẹṣin to ọgọ́rùn-ún ẹṣin ńlá Amẹ́ríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ipò kẹwàá ni wọ́n fi í sí. Ipò yẹn dáa lójú mi. Secretariat wà lókè rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo fura pé píìnì ṣì wà nínú ìṣirò àwọn kan, yálà láti gbé e ga ni tàbí láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa tí a kì í ta tẹ́tẹ́ ẹṣin ni pé bí a ṣe ń dá ẹjọ́ èèyàn náà nìyẹn. Ẹnì kan á fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ní gbangba, níbi tí gbogbo ojú wà. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ á ní ohun tó jẹ́ gan-an ló hàn yẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa wá píìnì kiri. Ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn rí ẹni tó máa ní, ẹ jẹ́ ká wo eré tó tẹ̀ lé e, èyí tí kò ní àwáwí, ká wò ó bóyá ó borí tàbí kò borí, ká sì wo bó ṣe ṣe é. Eré tó tẹ̀ lé e kì í ní ariwo. Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í fún apá kankan ní ohun tó fẹ́ gbọ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í wọ inú ìtàn.

Spectacular Bid sá eré 30, ó borí 26. Méjìlá nínú àwọn tó borí ló jẹ́ lẹ́yìn Belmont. Ó kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2003, tí Belmont tó pàdánù pé ọdún 24 géérégé. Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dá ni, ṣe là ń tún un gùn. Ẹṣin ní tirẹ̀ rí ààyè padà sórí pápá, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dáhùn. Ronnie Franklin kò tún gùn ún mọ́ láti ọjọ́ Belmont yẹn. Nínú gbogbo àwọn tí ẹjọ́ yìí kàn, òun nìkan ni wọn ò fún ní eré tó tẹ̀ lé e.